Iná Kan, Ẹ̀rọ Púpọ̀: Bí A Ṣe Ń Ṣe Ádápítà Alágbára Tí Fọ́ltì Rẹ̀ Ṣe É Yí

Ẹni tó bá ti gba Aláúsá kọjá rí yóò gbà pẹ̀lú mi pé iná mọ̀nàmọ́ná ni gbogbo agbègbè náà fi ń mí. Ibẹ̀ ni ilé iṣẹ́ ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó wà. Agídíngbì, Ọ̀gbà àti òpópó Ọba Akran, níbi tí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá fìdí kalẹ̀ sí, kò jìnnà sí i. Bí a bá sì tún rìn síwájú sí ìhà Ìkẹjà, a ó kan òpópó Ọ̀tìgbà àti ọjà kọ̀ǹpútà tí tilé toko mọ̀. Iná kan náà ni gbogbo wọn ń fà, ṣùgbọ́n oúnjẹ ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan yàtọ̀. Láptọ́ọ̀pù kan ń jẹ fọ́ltì 15, èkejì ń jẹ 18.5, òmíràn 19.5, òmíràn 20. Àpótí kékeré tí ń gba íntánẹ́ẹ̀tì wọlé sábà máa ń jẹ 12, fóònù lásán ń jẹ 5.

Ẹni tí ń tún ẹ̀rọ ṣe kò lè to ádápítà ogún sórí tábìlì. Ẹyọ kan ló ń fẹ́, tó lágbára, tí òun lè yí sí ìwọ̀n tó bá bá ẹ̀rọ oníbàárà mu. Ní àsìkò ìsinmi wa, èmi àti oníṣẹ́ ọwọ́ kan tí ìsọ̀ rẹ̀ wà ní Aláúsá jókòó ti irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, èrò tí a sì gbé e kalẹ̀ lé lórí ni mo fẹ́ yànàná níhìn-ín. Kí ẹ mọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé mímú kí fọ́ltì yí kò ṣòro rárá. Ohun tó ṣòro ni kí yíyí náà má di ikú fún ẹ̀rọ ẹlẹ́rọ. Odidi iṣẹ́ àpilẹ̀kọ akẹ́kọ̀ọ́ lè wà nínú láptọ́ọ̀pù kan ṣoṣo, ẹni tó sì fún láptọ́ọ̀pù tí ń jẹ 19 ní 30 kò ní rí i dá padà fún un.

Kí á kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń sọ. Bí a bá gbé táǹkì omi sórí òpó, bí òpó náà bá ṣe ga tó ni omi yóò ṣe fi ipá tì tó nínú páìpù: ipá yìí ni fọ́ltì. Iye omi tó ń kọjá lẹ́ẹ̀kan náà ni áńpìà. Bí a bá sọ méjèèjì di púpọ̀, ohun tí a rí ni wáàtì, èyí tí í ṣe agbára. Fọ́ltì 24 pẹ̀lú áńpìà 5 jẹ́ wáàtì 120, iye tí àwa sì fi ṣe góńgó nìyẹn. Àṣìgbọ́ kan wà tí mo máa ń gbọ́ ní Ọ̀tìgbà lójoojúmọ́, pé kí ènìyàn má ṣe lo ádápítà tí áńpìà rẹ̀ pọ̀ ju ti ẹ̀rọ lọ. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ádápítà ló ń pinnu fọ́ltì, ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ ló sì ń fa iye áńpìà tó tó o. Táǹkì ńlá kì í fi agídí rọ omi sí ọ̀fun ẹni tó fẹ́ mu ife kan. Fọ́ltì tó ga jù ni ń pa ẹ̀rọ, òun náà sì ni bọ́tìnì tí à ń yí lè fi ṣèèṣì gbé jáde.

Iná tó ń ti ara ògiri jáde wá ńkọ́? Nínú ìwé, fọ́ltì 230 ni, ó sì ń lọ síwájú, ó ń padà sẹ́yìn, nígbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Bákan náà ló rí nínú ìwé nígbà tí NẸ́PÀ dé ní 1972, nígbà tí orúkọ yí padà sí PHCN ní 2005, àti nígbà tí a pín in fún àwọn aládàáni ní ọjọ́ kìíní oṣù kọkànlá, 1 November 2013, tí Ìkẹjà bọ́ sọ́wọ́ Ikeja Electric. Lójú ayé, iná lè rẹlẹ̀ sí 160 lálẹ́ nígbà tí gbogbo ilé bá ń fà á, ó sì lè fò kọjá 250 ní ìṣẹ́jú tí wọ́n bá mú un dé. Ní ọdún 2013 kan náà, ìjọba Èkó ṣí ilé ìpèsè iná tí ń lo gáàsì fún ilé iṣẹ́ rẹ̀ ní Aláúsá, kí iṣẹ́ má baà máa dúró. Àwa tí kò ní ilé ìpèsè iná ní láti jẹ́ kí ádápítà wa mọ ojú ọ̀nà fúnra rẹ̀.

Ọ̀nà àtijọ́ tí gbogbo wa kọ́kọ́ kọ́ ni ti tìráńsífọ́mà onírin. A ó fi í sọ 230 di nǹkan bíi 30, a ó fi dáyóòdù mẹ́rin tún un ṣe kó máa ṣàn sí ìhà kan, a ó wá fi áísì kan rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀ sí iye tí a fẹ́. Àgbà nínú irú áísì bẹ́ẹ̀ ni LM317 tí Bob Dobkin ṣe ní ilé iṣẹ́ National Semiconductor ní Amẹ́ríkà ní 1976. Rẹsísítọ̀ méjì péré ni ń sọ fún un pé kó gbé fọ́ltì báyìí jáde. Mo bọ̀wọ̀ fún un gan-an, mi ò sì rò pé akẹ́kọ̀ọ́ kan yẹ kó jáde láìfọwọ́ kan án. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí á ṣe ìṣirò. Áńpìà 1.5 ni LM317 lè gbé, nítorí náà a ní láti fi tiransísítọ̀ ńlá kún un kí a tó dé 5. Bí a bá wá yí i sí fọ́ltì 5, fọ́ltì 25 yòókù kò ní ibi tí yóò lọ ju inú tiransísítọ̀ náà lọ. Fọ́ltì 25 lọ́nà áńpìà 5 jẹ́ wáàtì 125, ooru lásán sì ni gbogbo rẹ̀. Wáàtì 25 péré ni ẹ̀rọ tí a ń bọ́ jẹ. Wákàtí mẹ́jọ irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ń sun odidi yúnítì iná kan dànù, owó tí a sì fi lé yúnítì kan fún àwọn tó wà ní ìpele kìíní, èyí tí à ń pè ní Band A, ní oṣù kẹrin 2024 jẹ́ náírà 225. Owó tilẹ̀ kéré nínú ọ̀rọ̀ náà. Wáàtì 125 nínú àpótí kan lórí tábìlì onígi, ní Èkó tí oòrùn ti ń mú tẹ́lẹ̀, iná ilé ni.

Ọ̀nà kejì ni ti títàn-àti-pípa, òun náà ló wà nínú ádápítà láptọ́ọ̀pù gbogbo lónìí. Bí ènìyàn bá fẹ́ kí omi díẹ̀ máa wọ inú garawa, ó lè fi àtàǹpàkò dí ẹnu páìpù títí tí ọwọ́ yóò fi máa ro ó. Ó sì lè ṣí ẹ̀rọ omi pátápátá fún ìṣẹ́jú díẹ̀, kó tì í pátápátá, kó tún ṣí i. Tiransísítọ̀ tó ṣí tán kì í gbóná púpọ̀, nítorí pé fọ́ltì kò kù sí orí rẹ̀. Èyí tó tì tán náà kì í gbóná, nítorí pé nǹkan kan kò kọjá. Àárín méjèèjì ni ìdààmú wà, nítorí náà à ń jẹ́ kó yára kọjá àárín.

Èrè mìíràn tún wà nínú rẹ̀ tó yẹ fún ìyanu. Tìráńsífọ́mà dà bí alágbàárù. Bí ó bá ń lọ ní ìgbà 50 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, ẹrù ńlá ló gbọ́dọ̀ gbé lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ìdí nìyí tí tìráńsífọ́mà onírin tó tó wáàtì 120 fi ń wúwo tó kílò méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí a bá mú kó máa lọ ní ìgbà 65,000, ẹrù ẹ̀ẹ̀kan á di kékeré, tìráńsífọ́mà tó wọ àtẹ́lẹwọ́ á sì tó. Ṣùgbọ́n irin lásán kò lè sáré bẹ́ẹ̀ láìgbóná. Féráìtì, òkúta dúdú tí wọ́n fi èròjà irin sun bí ìkòkò, ni a ń lò.

Báyìí ni ẹ̀rọ wa ṣe lọ. Iná láti ara ògiri gba fíúùsì kọjá, ó gba dáyóòdù mẹ́rin, ó sì kún inú kapásítọ̀ kan. Ibí yìí ni mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra jù lọ. Iná tí a pè ní 230, téńté rẹ̀ jẹ́ 325, nítorí pé 230 lọ́nà 1.414 ni. Fọ́ltì 325 ló wà nínú kapásítọ̀ náà, ó sì lè wà níbẹ̀ lẹ́yìn tí a bá ti fà á kúrò lára ògiri. Ẹ má ṣe fọwọ́ kàn án títí ẹ ó fi wọ̀n ọ́n pé ó ti tán. Láti ibẹ̀, tiransísítọ̀ kan ń gé e wẹ́lẹwẹ̀lẹ sínú tìráńsífọ́mà féráìtì, fọ́ltì 28 tí kì í yí ni a sì ń gbà ní òdì kejì. Ìkejì ìpele ni ó wá ń sọ 28 yìí di iye tó bá wù wá láti 5 dé 24.

Òǹkàwé lè bi mí pé kí ló dé tí a ṣe ìpele méjì, nígbà tí ó ṣeé ṣe láti yí ìpele àkọ́kọ́ fúnra rẹ̀. Àwọn ádápítà olówó pọ́ọ́kú tó wà lórí igbá ń ṣe é bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ wo ìwọ̀n wọn, ẹ ó rí i pé láti 12 tàbí 15 dé 24 ni wọ́n sábà máa ń dúró sí. Ìdí ni pé áísì tí ń darí gígé náà ń jẹun láti ara tìráńsífọ́mà kan náà, lára wáyà kékeré tí a wé mọ́ ọn. Bí a bá rẹ òdì kejì sílẹ̀ sí 5, oúnjẹ áísì náà yóò rẹlẹ̀ pẹ̀lú rẹ̀, ebi yóò sì pa á kú. Bí a bá ṣètò oúnjẹ rẹ̀ fún 5, tí a bá gòkè lọ sí 24, àjẹjù yóò pa á. Nígbà tí ìpele àkọ́kọ́ bá dúró gbọn-in sí 28, ìjà yìí parí.

Nínú ìpele kejì, tiransísítọ̀ ń ṣí, ó ń tì, kọ́ìlì kan àti kapásítọ̀ sì ń da àwọn ìṣàn kéékèèké náà pọ̀ kó lè dúró jẹ́ẹ́. Fọ́ltì tó ń jáde bá ìdá àkókò tí ìlẹ̀kùn fi ṣí sílẹ̀ mu. Bí a bá fẹ́ 19 láti inú 28, ìlẹ̀kùn gbọ́dọ̀ ṣí fún nǹkan bí ìdá 68 nínú 100. Bí 12 ni, ìdá 43. Bí 5 ni, ìdá 18.

Ta ló wá ń sọ fún áísì pé fọ́ltì ti tó? Rẹsísítọ̀ méjì ni, tí a so tẹ̀lé ara wọn láti ẹnu ìjáde dé ilẹ̀. Láti àárín wọn ni áísì ti ń gba ìjábọ̀. Nínú irú áísì tí a lò, fọ́ltì 1.25 ni òṣùwọ̀n tó wà nínú rẹ̀: bí ìjábọ̀ bá kéré sí 1.25, á jẹ́ kí ìlẹ̀kùn pẹ́ sí i ní ṣíṣí. Bí ó bá ju bẹ́ẹ̀ lọ, á dín in kù. Nítorí náà, ẹni tó bá yí ọ̀kan nínú rẹsísítọ̀ méjèèjì ti yí fọ́ltì. Ṣùgbọ́n èwo nínú méjèèjì ni kí a yí, ti òkè ni tàbí ti ìsàlẹ̀?

Lórí ìwé, méjèèjì dára bákan náà, ọ̀pọ̀ àwòrán tí mo sì ti rí ń yí ti òkè. Ẹ jẹ́ kí á wò ó bí ẹni tó mọ Èkó. Rẹsísítọ̀ yíyí ní apá kékeré kan nínú tó ń fi ara ra ojú ọ̀nà dúdú. Eruku ń wọ ibẹ̀, ọ̀rinrin ń bà á, lẹ́yìn oṣù díẹ̀ lórí tábìlì oníṣẹ́, apá náà lè gbéra kúrò fún ìṣẹ́jú kan. Bí ó bá jẹ́ ti òkè ló gbéra, ìjábọ̀ dòfo. Áísì á rò pé kò sí nǹkan kan tó ń jáde, á ṣí ìlẹ̀kùn pátápátá, odidi 28 á sì ya wọ láptọ́ọ̀pù tó ń jẹ 19. Bí ó bá jẹ́ ti ìsàlẹ̀ ló gbéra, ìjábọ̀ á ga sókè, áísì á rò pé fọ́ltì ti pọ̀ jù, á sì ti ìlẹ̀kùn. Láptọ́ọ̀pù náà á kú lọ fún ìgbà díẹ̀ ni, kò ní jóná. Ohun èlò kan náà ni, iye owó kan náà, àyè tí a fi sí nìkan ló yàtọ̀.

Nítorí náà a fi rẹsísítọ̀ tí kì í yí, tó jẹ́ óòmù 10,000, sí òkè. Fún ìsàlẹ̀, ìṣirò fi hàn pé fọ́ltì 5 ń fẹ́ óòmù bíi 3,333, 12 ń fẹ́ 1,163, 19 ń fẹ́ 704, 24 sì ń fẹ́ 549. Ẹ ṣàkíyèsí pé bí óòmù ìsàlẹ̀ bá ṣe ń dín ni fọ́ltì ń pọ̀. Bí a bá fi rẹsísítọ̀ yíyí nìkan síbẹ̀, ẹni tó bá yí i dé òdo ti gba gbogbo 28. A wá so óòmù 549 tí kì í yí tẹ̀lé e. Ọmọdé lè yí bọ́tìnì náà títí kó fi kan ògiri, 24 ni yóò bá níbẹ̀. Yàtọ̀ sí èyí, a kò lo bọ́tìnì tí ń yí gbẹrẹgẹdẹ. Bọ́tìnì onípele ni a lò, tó ń dún kẹ́kẹ́ bí ó bá ti bọ́ sí àyè kan dé òmíràn, tí a sì kọ iye fọ́ltì sí ẹ̀gbẹ́ àyè kọ̀ọ̀kan. Apá ìyàwòrán tó bá kàn án ní àṣìṣe kò lè sún un láti 12 sí 20 láìdún.

Wáyà ìjáde náà ní ìwà tirẹ̀. Wáyà onímítà kan àtààbọ̀ tó tín-ín-rín, tí ìbú bàbà inú rẹ̀ jẹ́ ìdajì mìlímítà onígun mẹ́rin, ń jẹ nǹkan bíi ìdajì fọ́ltì nígbà tí áńpìà 5 bá ń gba inú rẹ̀ lọ àti bọ̀. Lára 24 kò hàn. Lára 5 ó jẹ́ ìdá kan nínú mẹ́wàá, ẹ̀rọ lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́. Wáyà tó nípọn ní ìlọ́po méjì dín àdánù náà kù sí ìdajì, àfikún owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

Ó wá ku ààbò lọ́wọ́ iná ògiri. Ewu tó burú jù ní àdúgbò wa kì í ṣe iná tó ga díẹ̀, bí kò ṣe kí wáyà níútírà já lórí òpó. Nígbà náà ni ilé tó yẹ kó gba 230 lè gba iye tó súnmọ́ 400. Téńté irú iná bẹ́ẹ̀ kọjá 560, kapásítọ̀ tí a kọ 450 sí lára á sì bẹ́ bí ìbọn. Ìdí nìyí tí a fi farísítọ̀ sí ẹ̀yìn fíúùsì. Ní ọjọ́ dáadáa, ó dákẹ́ bí ẹni pé kò sí níbẹ̀. Bí fọ́ltì bá ga kọjá ààlà rẹ̀, ó fa iná wọ ara rẹ̀, fíúùsì á sì já. Ẹni tó bá fi wáyà dí fíúùsì, gẹ́gẹ́ bí a ti ń rí i, ti fi odidi ẹ̀rọ náà ṣe fíúùsì.

Ọ̀rọ̀ kapásítọ̀ kékeré aláwọ̀ búlúù kan kù, èyí tó so ẹ̀gbẹ́ ògiri pọ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ láptọ́ọ̀pù láti pa ariwo rédíò. Òun ló ń mú kí ara láptọ́ọ̀pù onírin máa ta ènìyàn lọ́wọ́ fẹ́ẹ́rẹ́ bí kò bá sí wáyà áàtì. Ìtani yẹn kò léwu. Ewu wà níbẹ̀ bí ẹnìkan bá yọ ọ́, tó sì fi kapásítọ̀ lásán rọ́pò rẹ̀, nítorí pé irú èyí tí ó tọ́, tí wọ́n kọ Y sí lára, ni a ṣe kó máa já sílẹ̀ bí ó bá bàjẹ́. Èyí tó jẹ́ lásán lè so ara ènìyàn pọ̀ mọ́ iná ògiri tààrà. Níbi tí à ń ná owó sí, ẹ má ṣe jẹ́ kí ìyẹn jẹ́ ibi tí a ó ti dín in kù.

Fún ìdánwò, kò sí ohun èlò olówó ńlá ní ìsọ̀ náà. Gílóòbù iwájú tírélà oní-24 tó jẹ́ wáàtì 70 àti kéékèèké méjì oníwáàtì 21 ni a so mọ́ ẹnu rẹ̀: wáàtì 112. Mo fẹ́ràn gílóòbù fún irú ìdánwò yìí, nítorí pé okùn inú rẹ̀ nígbà tó bá tutù ń fa ìṣàn tó pọ̀ ju ti ìgbà tó bá ti gbóná lọ ní ìlọ́po ìlọ́po. Ádápítà tó bá lè bẹ̀rẹ̀ lórí gílóòbù tútù láìkú kì í bẹ̀rù láptọ́ọ̀pù. Lẹ́yìn wákàtí kan a wọn ooru àwọn kapásítọ̀. Ìlànà tí àwọn onímọ̀ ẹ̀rọ ń tẹ̀lé ni pé bí ooru bá fi ìwọ̀n 10 lé sí i, ọjọ́ ayé kapásítọ̀ olómi á dín kù sí ìdajì. A lu ihò sí ìsàlẹ̀ àpótí àti sí òkè rẹ̀ kí afẹ́fẹ́ lè gòkè fúnra rẹ̀. A kò fi fáànù sí i. Fáànù ní Ìkẹjà a máa kó eruku jọ ju afẹ́fẹ́ lọ.

Ohun kan wà tí ẹ̀rọ wa kò lè ṣe. Àwọn láptọ́ọ̀pù kan, Dell jẹ́ ọ̀kan nínú wọn, ní wáyà kẹta tí ó tín-ín-rín láàárín ẹnu ṣájà, tí wọ́n fi ń béèrè orúkọ lọ́wọ́ ádápítà. Bí kò bá dáhùn, láptọ́ọ̀pù náà á ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n kò ní fún bátìrì ní oúnjẹ. Ọ̀nà tuntun tí gbogbo ayé ń tọ̀ báyìí, USB-C, ti sọ ìbéèrè yìí di ìjíròrò gidi: ẹ̀rọ á sọ iye fọ́ltì tó ń fẹ́, ádápítà á sì yí ara rẹ̀ sí i láìsí bọ́tìnì. Láti 2021 ni ìlànà rẹ̀ ti gba wáàtì dé 240. Àjọ ìṣọ̀kan Yúróòpù sì sọ ọ́ di òfin fún fóònù tuntun láti 28 December 2024, àti fún láptọ́ọ̀pù láti 28 April 2026.

Àwọn kan lè sọ pé bọ́tìnì wa ti di ohun àtijọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n láptọ́ọ̀pù tí wọ́n lò tán lókè òkun ni ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ ń rà ní Ọ̀tìgbà, ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ti pé ọdún mẹ́jọ tàbí mẹ́wàá kó tó débẹ̀. Ẹnu róbótó wọn yóò wà lórí tábìlì àwọn oníṣẹ́ wa fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn tí Yúróòpù bá ti gbàgbé rẹ̀. Èyí tí à ń gbìyànjú báyìí ni kí ìpele kejì náà lè ní ẹnu méjì, ọ̀kan fún bọ́tìnì, èkejì fún USB-C, kí 28 kan náà máa bọ́ méjèèjì. Tìráńsífọ́mà féráìtì ti wà ní wíwé. Áísì tí ń ṣe ìjíròrò náà ni a ṣì ń retí láti Ṣáínà.